Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jáwọ́ nínú fífi b3 ṣí ṣẹ́ẹ̀sì ni?

Ọmọ Abẹ́òkúta: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì wa ń bọ̀ ní Sátidé, ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí funfun bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, b3 ni mo máa ń fi ṣí i (ìyẹn ni pé mo máa ń ti páwùn sí ojú b3; lẹ́tà àti nọ́ńbà la fi ń pe ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), kí bíṣọ́ọ̀bù mi lè jókòó sí b2. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ máa ń ta á ti mọ̀ mí. Á ti e5, á gbé ẹṣin sí c6. Bí ẹṣin tèmi bá ti yọ sí f3 báyìí, á ti páwùn dé e4, ẹṣin mi á wá máa wá ibi tó máa sá sí. Kí n pa á tì ni?

Bàbá Ìbejì: Pa á tì jàre. Àárín pátákó ni wọ́n ti ń jagun, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ṣé o ò gbọ́ ti Larsen, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ará Denmark, tó fi b3 kojú Spassky, ọ̀gá àgbáyé nígbà náà, ní Belgrade lọ́dún 1970, nígbà tí Soviet Union kojú ẹgbẹ́ gbogbo àgbáyé tó kù ni? Páwùn e4 kan náà yẹn ló lé ẹṣin rẹ̀ kúrò ní f3. Nígbà tó yá, Spassky fi odindi rúùkù tọrẹ ní h1 kí páwùn rẹ̀ lè ráyè dé g2. Ìgbésẹ̀ 17 péré, Larsen ti túúbá. Lórí tábìlì kìíní o, tábìlì tó ga jù nínú ìdíje náà!

Ìyá Ṣọlá: Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Fischer, ará Amẹ́ríkà tó fi tábìlì kìíní yẹn sílẹ̀ fún Larsen, fi b3 na Mecking ará Brazil ní Palma, ní Spain, lọ́dún yẹn náà. Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan ẹṣin yẹn. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ti dé b2, ti e3 ná, kí o gbé bíṣọ́ọ̀bù kejì sí b5. Ẹṣin c6 ló ń ṣọ́ páwùn e5. Bí o bá ti ń halẹ̀ láti jẹ ẹṣin náà, páwùn ti di aláìlólùṣọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ á sáré gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d6, á sì dínà mọ́ páwùn d7 tiwọn fúnra wọn.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Ẹ ṣeun mà. Bó bá ti kọ́kọ́ ti d5 ńkọ́, kó tó gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d6?

Ìyá Ṣọlá: Ti f4, kí o fi lu páwùn e5 rẹ̀. Bí ayaba rẹ̀ bá fò dé h4 tó ní ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé ó ń halẹ̀ mọ́ ọba rẹ, má jáyà, g3 ni kí o fi dá a lóhùn. Á padà sí e7, ẹṣin rẹ á wá yọ sí f3 wàyí.

Bàbá Ìbejì: Mi ò tíì gbà o. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú 15, ẹni tí kò bá mọ f4 yẹn tẹ́lẹ̀ á jókòó tì í pẹ́. Ta á.