Ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lára ọkọ̀ dúdú: ṣé ó ṣeé mú kúrò láìtún ọkọ̀ kùn?

ỌmọKétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Corolla dúdú kan ni mo ń bi yín nípa rẹ̀. Lábẹ́ ibòji, ó ń dán. Tí oòrùn bá ti bọ́ sórí kapó (bọ́nẹ́ẹ̀tì), ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ á yí oòrùn náà po lójú ọ̀dà, ibi yòówù kéèyàn dúró sí. Ìlà gígùn méjì tún wà lára ilẹ̀kùn òsì, níbi tí ọwọ́ zẹmijáàn (ọ̀kadà) ti ha á: ọ̀kan fẹ́lẹ́, èkejì jìn, funfun sì ń yọ nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín àti epo fìtílà pa á. Onípẹ́ńtì ní àfi kí òun kun gbogbo rẹ̀. Èwo ni ká ṣe?

Wàǹdó_Pólíìṣì

Àbúrò, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì jẹ́ kí onípẹ́ńtì fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà tó ti ilé iṣẹ́ wá ní apprêt (ọ̀dà ìpìlẹ̀) nísàlẹ̀, àwọ̀ láàárín, vernis tí kò láwọ̀ lókè. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 micron (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ni mìlímítà kan), bí ewé bébà kan ṣe nípọn mọ. Vernis nìkan tó nǹkan bí 40. Inú vernis yìí ni àwọn ìlà yẹn wà. Wọn ò rí roboto o. Wọ́n kọrí síbi gbogbo, àwọn tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn sí wa lójú. Ká pólíìṣì ni pé ká bó vernis tó yí wọn ká díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọ̀dà yóò fi bá ìsàlẹ̀ ìlà dọ́gba. Èyí tí a bá sì ti bó, kì í hù padà.

Ẹ da omi sórí ìlà méjèèjì ara ilẹ̀kùn. Èyí tó bá pòórá nígbà tó tutù, inú vernis ló wà. Ẹ wá fi èékánná gbà á kọjá ní dídábùú: bó bá kọ́ èékánná, ẹ má bá a jà. Èyí tó ń yọ funfun ti dé apprêt, kò sí pâte, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń pólíìṣì, tó máa mú un.

Ọṣẹ ìfọyín máa ń ha nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n á sọ ojú ọ̀dà dúdú di bàìbàì. Epo fìtílà kàn ń dí ojú ìlà ni. Ẹ fọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ ti padà.

Iṣẹ́ gan-an: ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi clay (amọ̀ rírọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀dà) àti omi ọṣẹ gba ojú rẹ̀ títí yóò fi máa yọ̀ lábẹ́ ọwọ́. Ẹ lẹ scotch oníbébà mọ́ rọ́bà, ike dúdú àti etí ilẹ̀kùn, torí etí ni vernis ti fẹ́lẹ́ jù. Abẹ́ ibòji ni o, kí irin sì tutù. Bí kapó bá gbóná, pâte á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ orbitale, èyí tó ń yí tó tún ń mì, ni kí ẹ lò. Ẹ dán an wò níbi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú lóòró. Fóòmù rírọ̀ àti pâte fẹ́lẹ́ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn bá mú un, ẹ má wá èyí tó le mọ́. Ẹ kán pâte sí fóòmù lójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi nọ́ńbà 1 lórí bọ́tìnnì ìyára ẹ̀rọ tẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tó gbé e sí 4 tàbí 5. Ẹ máa lọ jẹ́ẹ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ipa kọ̀ọ̀kan gun ìdajì tìṣáájú. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ tún gbà á ní dídábùú, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ fi máákà fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tí fóòmù lẹ̀ mọ́: bẹ́ ẹ bá rí i pé ìlà yẹn dúró lójú kan tí ẹ̀rọ ṣì ń mì, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù, kò fi bẹ́ẹ̀ bó nǹkan kan mọ́.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn fóòmù lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan. Pâte tó gbẹ sínú rẹ̀ ló ń fa ìlà tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi álíkóòlù isopropyl nu ojú ibẹ̀, ìdá kan sí ìdá mẹ́ta omi. Òróró inú pâte ń bo ìlà mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò nù ún á rò pé òun ti ṣe tán.

Ṣábẹ̀ẹ́Tólíyè

Ọ̀gá sọ ọ́ re, ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú pâte: ṣé ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló wà lára rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó gba èbúté Kùtọnu wọlé ni wọ́n ti tún kùn lápá kan. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀dà, bó bá ju 200 micron lọ, wọ́n ti tún un kùn nìyẹn. Bẹ́ ẹ ò bá rí ẹ̀rọ, ẹ wo etí rọ́bà fèrèsé: ọ̀dà tó fọ́n sórí rọ́bà kì í parọ́. Tí fóòmù bá sì ń dúdú bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sí vernis níbẹ̀, àwọ̀ gan-an lẹ ń bó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so fóòmù mọ́ meuleuse (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin), bó tilẹ̀ wọ́pọ̀ ní gáráàjì. Ó ń yí tó ìgbà 11 000 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ̀rọ pólíìṣì tó ń yí lójú kan kì í sábà nílò ju 1 000 sí 2 000 lọ. Á sun vernis igun kapó kí ẹ tó ṣẹ́jú. Pare-chocs (bọ́ńpà) oníke tún burú jù, torí ike kì í tú ooru ká bí irin.

Ìlà fẹ́lẹ́ ara ilẹ̀kùn, bí pólíìṣì ò bá mú un tán, ẹ rẹ bébà olómi 3000 (bébà ìháǹkan tí wọ́n ń lò pẹ̀lú omi) sínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ fi gba orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n ìka méjì péré. Ojú ibẹ̀ á ṣú. Pâte ló máa dá dídán rẹ̀ padà. Bébà 2000, tó ń ha ju ìyẹn lọ, kì í ṣe tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

ỌmọKétu

Ẹ ṣeun gan-an. Rọ́bà fèrèsé mọ́. Mi ò rí clay rà níbí. Ṣé a sì lè fọwọ́ ṣe é?

Wàǹdó_Pólíìṣì

Ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ rọra fi pa ojú ọ̀dà lẹ́yìn fífọ̀. Bó bá ń yọ̀, ẹ fi clay sílẹ̀. Ọwọ́ dára fún abẹ́ ìmú ilẹ̀kùn, níbi tí èékánná máa ń ha. Odindi kapó dúdú? Rárá o, apá á ro yín lásán, kò sì ní dọ́gba.

ÌyáLavage

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ bá a ṣe ń mú un kúrò, ẹ ò sọ ibi tó ti wá. Yanrìn tó wà nínú eruku pupa yẹn le ju vernis lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá mú aṣọ gbígbẹ nu ọkọ̀ ti fi yanrìn yẹn ha á. Tómi bá ṣọ̀wọ́n, ẹ lo ẹ̀rọ ìfọ́nmi tí wọ́n fi ń fín oko, ṣùgbọ́n kó jẹ́ tuntun, tí oògùn koríko kò wọ inú rẹ̀ rí. Lítà 5 sí 8 tó láti ṣan eruku kúrò kí kànrìnkàn tó kan ọkọ̀. Korobá méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànrìnkàn. Òkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ṣe kẹ́yìn. Kànrìnkàn tó bá jábọ́ sílẹ̀, ti táyà ló dà. Ẹ sì yé fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, ó ń bó wax (ìda tó ń dáàbò bo ọ̀dà) lọ.

Bí kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) bá ta sílẹ̀ lẹ́nu táǹkì, ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

Ṣábẹ̀ẹ́Tólíyè

Ìyá ti sọ òótọ́. Ó ku ìlà jíjìn yẹn. Ẹ wo àmì tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí wọ́n kọ C/TR sí: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti ọ̀dà, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti inú ọkọ̀. Ẹ ní kí àwọn tó ń po ọ̀dà fi nọ́ńbà yẹn po díẹ̀ fún yín. Ẹ fi álíkóòlù nu inú ìlà, ẹ wá fi ẹnu igi ìtayín kán an sínú rẹ̀ ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀, vernis ni ìkẹyìn. Ó kéré tán, ẹ fún un lọ́sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóòmù á fà á yọ.