Wáṣà bàbà abẹ́ nọ́súùlù: báwo la ṣe ń gé e tí kò fi ní jò?

Àyìndé_Kubwa
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ńjìnnì dísẹ́lì kan ló wà lọ́wọ́ mi. Wáṣà bàbà abẹ́ nọ́súùlù rẹ̀ (ohun tó ń fọ́n dísẹ́lì sínú ẹ̀ńjìnnì) ti jẹ, èéfín ń gba ibẹ̀ jáde, ìdọ̀tí dúdú bí ọ̀dà sì ti dì yí i ká. Mi ò rí irú rẹ̀ rà ní Àpò l'Ábújá. Mo wọn ti àtijọ́: 15 mm níta, 7.5 mm nínú, ó nípọn tó 1.4 mm. Páànù bàbà tó nípọn 1.5 mm wà níbí, alumíníọ́ọ̀mù náà wà. Èwo ni kí n lò?

Alágbẹ̀dẹ_Panteka
Bàbà ni o. Alumíníọ́ọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, bàbà di 1,085°C. Alumíníọ́ọ̀mù kò ní yọ́ lábẹ́ nọ́súùlù lóòótọ́, àmọ́ ooru àti ìtẹ̀ á máa fún un pẹrẹsẹ díẹ̀díẹ̀ títí bóòtù á fi dẹ̀. Ojú ihò tí a ti ń da ọ́ìlì nù ni kó o fi í sí.

Má fi òòlù àti ṣísẹ́lì gé bàbà náà, etí rẹ̀ á wọ́. Há páànù náà sáàárín pákó líle méjì, kó o fi díríìlì 7.5 mm lu ihò rẹ̀ kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, fi sáàsì gé e yípo, kó tóbi ju 15 mm lọ díẹ̀. Ní kí oníléètì (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin gbẹ́) gbẹ́ ọ̀pá irin tó wọ ihò náà gẹ́lẹ́, kó o to wáṣà mẹ́fà sórí rẹ̀, kó o fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n pọ̀, kó sì gé gbogbo wọn dé 15 mm lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò gbọ́dọ̀ ṣáájú: inú ihò ni ọ̀pá ti ń di wáṣà mú tí ìta fi ń rí kiribiti.

Adékúnlé_Súlèjá
Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni sísun ún nínú iná. Lílù àti gígé máa ń mú bàbà le, bàbà tó bá sì le kò ní tẹ̀ wọnú àwọn ihò kéékèèké ojú ìjókòó rẹ̀. Torí náà, lẹ́yìn tí o bá ti gé e tán ni kó o sun ún. So ó mọ́ wáyà, dúró sábẹ́ òjìji, torí oòrùn ọ̀sán kò ní jẹ́ kó o rí àwọ̀ iná. Tó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó tó. Má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Rì í bọ omi. Irin tó le lè le sí i tí a bá rì í bọ omi báyìí, bàbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, rírọ̀ ló ń rọ̀. Omi náà á tún bó èépá dúdú ara rẹ̀ kúrò.

Kó o tó sun ún, tẹ́ sáńpépà 400 sórí gíláàsì, kó o yí wáṣà lórí rẹ̀ títí ojú méjèèjì á fi dán. Ìlà tó yípo kò burú. Ìlà tó gba inú lọ síta ni ọ̀nà tí èéfín ń tọ̀.

Àyìndé_Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an. 1.4 tí mo wọn ńkọ́? Ṣé kí n yọ páànù 1.5 mm náà kù?

Ẹ̀gbọ́n_Dísẹ́lì
Má yọ ọ́ kù. Ìtẹ̀ ló mú ti àtijọ́ tín-ín-rín, kò sí tuntun tó máa bá a dọ́gba. Síbẹ̀ ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀ńjìnnì náà, torí nínípọn wáṣà ló ń sọ bí ẹnu nọ́súùlù ṣe máa jìn tó. Tó bá nípọn jù, dísẹ́lì á máa bà síbi tí kò yẹ, èéfín dúdú á tẹ̀ lé e. Tó bá tín-ín-rín jù, ẹnu nọ́súùlù á gbóná jù, ó tilẹ̀ lè kan písítìnì.

Kó o tó há a, fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ ihò náà dáadáa. Wáṣà àtijọ́ sábà máa ń lẹ̀ mọ́bẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń fi tuntun lé e lórí. Fi àkísà tí o fi gírísì pa dí ihò kékeré tó lọ sínú sílíńdà, kó o tó ha ìdọ̀tí dúdú náà. Má lo gọ́ọ̀mù kankan.

Tó o bá dè é tán, da dísẹ́lì díẹ̀ yí ẹsẹ̀ nọ́súùlù ká, kó o sítáàtì ẹ̀ńjìnnì. Tó bá ń yọ ìfófòó, ó ṣì ń jò, tú u.

Àyìndé_Kubwa
Ṣé mo lè sun ti àtijọ́ lò fún ìgbà díẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Dísẹ́lì
Wáṣà ihò ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ni. Ti abẹ́ nọ́súùlù, rárá, ó ti tín-ín-rín kọjá ìwọ̀n.