Omi jínjà àti lẹ́mọ́ọ̀nù fún làkúrègbé: kí ló ń mú un korò?

Ará Lafenwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún tó ń wú tó sì ń ro ni mo fẹ́ lò ó fún. Mo ra jínjà àti lẹ́mọ́ọ̀nù ní Kútọ̀, mo lọ̀ wọ́n pọ̀ tèèpotèèpo. Ní ọjọ́ kejì ó ti korò bí ewúro, nǹkan funfun kan sì sùn sísàlẹ̀ ìgò. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó lóòjọ́?

Ọlọ́sàn Òmídá:
Kò bàjẹ́. Sítáàṣì inú jínjà ni nǹkan funfun yẹn. Ẹ rọra da omi orí rẹ̀ sínú ìgò mìíràn. Kóró àti inú èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù ló gbé ìkorò wá. Bí abẹ bílẹ́ńdà bá ti gé kóró, díẹ̀díẹ̀ ni ìkorò ń jáde, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má lọ lẹ́mọ́ọ̀nù mọ́. Ẹ là á, ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ fi asẹ́ gba kóró.

Jínjà nìkan ni kó wọ bílẹ́ńdà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gíráàmù 100, iyanrìn máa ń há sí oríkèé rẹ̀. Ẹ gé e ní ìbú, kéékèèké. Bí ẹ bá gé e ní òòró, fọ́nrán rẹ̀ á wé mọ́ abẹ. Ẹ fi omi mílílítà 500 lọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ funfun fún un. Mílílítà 50 lóòjọ́ tó, pẹ̀lú omi ìlàjì lẹ́mọ́ọ̀nù kan. Kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì.

(Bí ẹ bá rí Yatsun Biri, jínjà Kàdúná tó wẹ́ tó sì dúdú nínú, ó ta ju Tafin Giwa tó sanra lọ.)

Aṣoògùn Ìbarà:
Jínjà ló ń ṣe iṣẹ́ náà o, lẹ́mọ́ọ̀nù kàn ń bá a rìn ni. Gingerol, èròjà tó ń mú jínjà ta, ń dín prostaglandin kù, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú kí ara wú kó sì máa ro. Ọ̀nà tí ibuprofen ń gbà náà nìyẹn, àmọ́ jínjà kò lágbára tó o. Ìrora lè dín díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má retí rẹ̀ lọ́la.

Bí ẹ bá sè é fún ìṣẹ́jú 10, kò sófò: gingerol kan á di shogaol, tó tún ta jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí lẹ́mọ́ọ̀nù tó wọ̀ ọ́, iná ń ba fítámì C jẹ́.

Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ọlọ́gbẹ́ inú náà, kó ṣọ́ra. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu lẹ́yìn tí ẹ bá mu ún, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ eyín, torí kíkan rẹ̀ ń jẹ ara eyín. Bí orúnkún kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀lé e, ẹ gba ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, lọ lọ́jọ́ náà.

Ará Lafenwa:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Lẹ́mọ́ọ̀nù ti wọ́n jù.

Ọlọ́sàn Òmídá:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan dípò ìlàjì lẹ́mọ́ọ̀nù.