Màmá mi ń bọ̀ láti Ìlaròó: ibo ni kí n mú wọn lọ ní ìgbèríko England?

Ìyá Ìbejì, Chatham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìlaròó ní oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn ó sì lò. Nígbà tí wọ́n wá ní 2019, ọjà Peckham àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń mú wọn lọ títí wọ́n fi padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí lórí fóònù pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gbogbo ìlú òyìnbó náà kò ju ṣọ́ọ̀bù lọ ni? Ṣé wọn kì í dáko ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé òótọ́ ni.

Ọmọ ọdún 72 ni wọ́n. Orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rí oko, wọ́n á gbàgbé orúnkún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àwọn ìbejì, wọn kì í sì í gbé jẹ́ẹ́. A ní mọ́tò. Stonehenge, agbo òkúta àtijọ́ ìtòsí Salisbury yẹn, ló wà lọ́kàn mi. Ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀? Àbí ibòmíràn wà tí ẹ lè júwe?

Bọ̀dá Salisbury:
Stonehenge dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń lọ wò. Ẹ ò ní fọwọ́ kan òkúta kankan o. Okùn ni wọ́n fi pààlà, ẹ ó kàn máa yí i ká ni. Ibi tí ẹ ó páàkì sí jìn sí òkúta tó bíi kìlómítà méjì, bọ́ọ̀sì wọn ló ń gbé èèyàn lọ gbé èèyàn bọ̀, nítorí náà orúnkún Màmá kò níṣòro. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi díẹ̀ rọjú ju ti ẹnu ọ̀nà lọ.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ kì í ṣe àwọn òkúta gìrìwò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ti gbé wọn nàró láti bíi ọdún 2500 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn kéékèèké tó wà nínú ni. Orí òkè Preseli ní Wales ni wọ́n ti wá, ìrìn tó ju kìlómítà 200 lọ. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tún yẹ èyí tó dùbúlẹ̀ láàárín wò, wọ́n ní ìhà àríwá Scotland lòun ti wá. Ta ló gbé e? Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì fi ìyẹn ṣe àlọ́ nínú mọ́tò.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Swindon:
Ẹ má dá Bọ̀dá lóhùn jàre, Avebury ni kí ẹ lọ! Kò ju bíi ogójì ìṣẹ́jú lọ sí Stonehenge, agbo òkúta ibẹ̀ sì fẹ̀ débi pé abúlé wà láàárín rẹ̀. Ilé wà níbẹ̀, ilé ọtí wà níbẹ̀, títì gba inú rẹ̀ kọjá, àgùntàn ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ọ̀fẹ́ ni, owó páàkì nìkan lẹ ó san. Màmá lè gbé àga wọn kalẹ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn ti òkúta, kí wọ́n máa wo àgùntàn. Ọmọ abẹ́ Olúmọ ni mí, òkúta kì í tètè wú mi lórí, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni mo ti lọ síbẹ̀. Ẹ má ṣáà wọ bàtà funfun fún àwọn ọmọ, torí ìgbẹ́ àgùntàn.

Bọ̀dá Salisbury:
Àti òjò. Ibi sísá sí kò pọ̀ níbẹ̀, àfi irú ilé ọtí yẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Swindon:
Ta ló ní kí ẹ mọ̀ ọ́n?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Derby:
Òkúta, òkúta, oko ni Màmá ní àwọn fẹ́ rí o! Ìyá Ìbejì, ibikíbi tí ẹ bá yà sí, ẹ wá òpó kékeré tó ní ọfà yẹ́lò lára. Public footpath nìyẹn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà fún gbogbo èèyàn. Á gba inú oko olóko kọjá, òfin sì fún yín láyè láti gbà á, olóko ò lè lé yín, bí ẹ kò bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí màmá tèmi wá, wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọn ò wọlé. Wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní àwọn ń wò ó bóyá olóko fi àalè síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí a wọlé tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò fọ́ ọ, wọ́n ní, "Ilẹ̀ yìí dára. Ẹ̀gẹ́ á ta níbí." Otútù ni wọn ò rò mọ́ ọn.

Ẹ pa géètì dé lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá rí màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ yà jìnnà fún un. Èsìsì tiwọn náà wà létí ọ̀nà, ó ń jóni bíi tilé, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn fún àwọn ọmọ. Tí ẹ bá lè wá sọ́dọ̀ wa ní Peak District, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Kò sí ọ̀fẹ́ tí wọn ò jà fún níbí: ní 1932, àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester fi agídí gun òkè Kinder Scout tí àwọn olówó tì mọ́lẹ̀, wọ́n ju àwọn kan sẹ́wọ̀n nínú wọn. Ní 1951, agbègbè yìí ló di ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Britain.

Ẹ mú owó ẹyọ dání o. Ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ̀rọ páàkì kò gba káàdì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí láti fi fóònù san án. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé ìtanràn ti dúró dè mí nílé.

Bàbá Àgbà, Portsmouth:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ìlaròó ni Màmá ti ń bọ̀, Chatham ni ìwọ ọmọ wọn ń gbé, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Àìná?

Ọmọ ilẹ̀ Yewa ni, ogun Dahomey ló kó o. Ní 1850, Ọba Ghezo fi í ta ọ̀gágun ojú omi kan tó ń jẹ́ Forbes lọ́rẹ, ìyẹn mú un wá sí England, Ọbabìnrin Victoria sì gbà á sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sọ ọ́. Bonetta yẹn, orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni. Gillingham, ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ níbẹ̀ yẹn, ló gbé nílé àlùfáà Schön, ẹni tí òun àti Àjàyí Crowther jọ rin ìrìn odò Ọya ní 1841. Ní 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà.

Osborne ni kí o mú Màmá lọ, ààfin Victoria ní Isle of Wight. Gbé mọ́tò sọ́kọ̀ ojú omi ní Portsmouth níbí, bíi ìṣẹ́jú 45, o ti sọdá. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè páspọ́ọ̀tù. Wọ́n gbé àwòrán Àìná sínú ààfin náà ní 2020. Pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, bóyá ó ṣì wà lára ògiri. Àwọn ìbejì ńkọ́? Ilé onígi kan wà nínú ọgbà, Swiss Cottage, tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ Victoria. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ebè tirẹ̀, pẹ̀lú bárò kékeré tó ní àmì orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, bàbá wọn ń rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Sọ ìyẹn fún Màmá, wàá gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ibì kan lóòjọ́ o. Má fi Stonehenge kún un.

Ìyá Ìbejì, Chatham:
Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gba Gillingham lọ síbi iṣẹ́, mi ò mọ̀!

Mo pe Màmá lálẹ́ àná. Mo sọ ti òkúta, wọ́n ní "ẹn-ẹn". Mo sọ ti àgùntàn, wọ́n ní "ìyẹn dáa". Nígbà tí mo dé orí Àìná, wọn ò fọhùn mọ́, mo rò pé láìnì ti já. Wọ́n wá ní, "Àìná. Ìwọ́ ló kọ́ ọ lọ́rùn tí wọ́n fi bí i nìyẹn. Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn tó yí orúkọ rẹ̀ padà?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ lọ, pé òkúta ò sáà ní sá lọ síbì kan.

Ọjọ́ Sátidé ni, torí iléèwé àwọn ọmọ. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé wọ́n á jẹ́ ká gbé kúlà wọnú ọgbà? Màmá ní àwọn ò lè jẹ búrẹ́dì tútù.

Bàbá Àgbà, Portsmouth:
Gbé e wá. Orí koríko lèmi àti ìyàwó mi ti jẹ mọ́ínmọ́ín tiwa. Tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, owó rẹ̀ ń gòkè bí ìsinmi àwọn ọmọ ṣe ń sún mọ́lé. Kí o sì mú ṣúẹ́tà Màmá dání, afẹ́fẹ́ orí omi yẹn kò mọ̀ pé oṣù kẹfà ni.