Àfihàn ìwé àtijọ́ ṣọ́ọ̀ṣì: kí la máa kó síta?

Ọmọ Òkè-Àlúkò: Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ wa fẹ́ pàtẹ ìwé àtijọ́ fún gbogbo ìlú. Ìwé ìrìbọmi kan wà níbẹ̀ tí ìkán ti jẹ etí rẹ̀. Ojú ewé kan wà tó jẹ́ pé "àgbẹ̀" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ gbogbo bàbá ọmọ. Ó wú mi lórí gan-an. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọdé rí i, àmọ́ mi ò fẹ́ kó fàya.

Bàbá Ìjòmù, Àkúrẹ́: Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láìtan fìlàṣì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya o!

Ìyá Ìbejì: Ẹ má yọ Charles Phillips, àlùfáà Áńgílíkà ayé àtijọ́, sílẹ̀. Oǹdó ló ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé 1952 ni wọ́n dá dáyọ́sìísì Oǹdó (àgbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù) sílẹ̀, kí Àkúrẹ́ tó gba tirẹ̀ ní 1983. Ẹ sì gbé àga fún àwọn ìyá àgbà nítòsí àwọn fọ́tò, àwọn ló máa dá ojú mọ̀.

Ọmọ Òkè-Àlúkò: Ẹ ṣé o, mà. Màá bá alága ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àga yẹn.