Táyà iwájú ti ń jẹ: ṣé ká pààrọ̀ wọn fúnra wa nílé ni àbí ká gbé e lọ bá fọkanáísà?

Moji_Igbogbo:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Igbogbo ni mò ń gbé, Corolla 2008 ni mò ń wà, ojoojúmọ́ ni mò ń gba Ogolonto lọ sí Mile 12 tí mo sì ń padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣàdédé wo táyà iwájú, àyà mi já, eyín ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tẹ́jú tán, bẹ́ẹ̀ ti ẹ̀yìn ṣì dáa gan-an, ọjọ́ kan náà sì ni mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tòkúnbọ̀. Fọkanáísà tó wà lẹ́bàá ilé wa ní kí n mú ₦6,000 wá, òun á gbé ti iwájú sẹ́yìn, òun á gbé tẹ̀yìn síwájú. Àbúrò mi ọkùnrin wá ní kí n má náwó kankan, jáàkì ṣáà wà ní búùtù, sípánà náà wà, òun á ṣe é nínú ọgbà wa láàárọ̀ Sátidé. Yanrìn ni inú ọgbà wa o, a ò tíì da kọnkéré sí i. Owó yẹn tóbi lójú mi lásìkò yìí, mi ò ní parọ́, àmọ́ àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, mi ò fẹ́ kí mọ́tò já lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Baba_Dereba_Sabo:
Moji ọmọ mi, má jẹ́ kó ṣe é lórí yanrìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi Hiace kérò láti Sábó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ohun tí mo fojú mi rí ni màá sọ fún ẹ. Táyà kan fọ́ fún wa nígbà tá a kọjá Imota, a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ọmọ ọkọ̀ mi gbé jáàkì kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i lábẹ́. Ó ń yí i, mọ́tò ń gòkè díẹ̀díẹ̀, àṣé ìdí jáàkì ń rì lọ sí apá kan. Ó ti yọ táyà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú kó gbé ìkejì ni jáàkì dagun, mọ́tò sì já wálẹ̀ gbì! Irin ìdí ẹsẹ̀ mọ́tò wọlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ẹ̀ wà kó tó yíjú. Láti ọjọ́ náà ni pákó nínípọn kan ti ń gbé abẹ́ síìtì mi, òun ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ jáàkì níbi tí ilẹ̀ ò bá ti le.

Jáàkì inú búùtù yẹn, ti pé táyà fọ́ lójú ọ̀nà ni wọ́n ṣe é fún. Kó gbé mọ́tò sókè díẹ̀, kó o pààrọ̀ ọ̀kan, kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tán. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ki orí tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan.

Wale_Odogunyan:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Mẹ́káníìkì ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Àǹtí Moji, ìdí tí ti iwájú fi ń yá jẹ ni pé Corolla yín, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun náà ló gbé ẹ́ńjìnnì lórí, òun ló ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, tẹ́ ẹ bá sì tẹ búrékì òun ló ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe dáa ká máa pààrọ̀ ipò wọn ní nǹkan bíi 8,000 sí 10,000 kìlómítà. Ti iwájú á lọ sẹ́yìn tààrà ní apá tó wà, ti ẹ̀yìn lẹ máa dá kọjá, tọ̀tún á bọ́ sósì iwájú, tòsì á bọ́ sọ́tùn-ún. Hiace Bàbá yàtọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí, tẹ̀yìn ló ń lọ síwájú tààrà, ti iwájú ni wọ́n ń dá kọjá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ọfà lára táyà, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò ní apá tó wà, apá ibi tí ọfà kọjú sí ló gbọ́dọ̀ máa yí sí.

Ṣíṣe é nílé ò burú tí ilẹ̀ bá le tó sì tẹ́jú. Kí àbúrò yín fa hándíbúrékì, kó fi gíà sí P, kó fi igi wẹ́ẹ̀jì há táyà tó wà nílẹ̀, kó tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí mọ́tò tó kúrò nílẹ̀ rárá, torí ẹni tó bá ń fi agbára tú nọ́ọ̀tì nígbà tí mọ́tò wà lókè, òun fúnra ẹ̀ ló ń ti mọ́tò kúrò lórí jáàkì. Tó bá jẹ́ jáàkì kan lẹ ní, táyà sípíà lẹ máa fi dí àyè tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ̀kan, kó má di pé ẹsẹ̀ méjì wà lófuurufú. Nọ́ọ̀tì, èyí tó kọjú síra ni kó máa dè tẹ̀ léra, kó má dè é yíká. 103 Nm ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń de nọ́ọ̀tì Corolla, ẹni tó ní sípánà oníwọ̀n á rí i lára ẹ̀. Sípánà inú búùtù náà á ṣe é, kó ṣáà má ki páìpù bọ ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ tún un dè.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ẹ ní ó ti fẹ́ẹ̀ tẹ́jú tán. Ṣé gbogbo ojú ẹ̀ ló jẹ ni àbí ẹ̀gbẹ́ inú nìkan? Ẹ lọ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó tẹ̀ lé DOT lára wọn.

Alhaja_Itamaga:
Moji, tó o bá tiẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, dúró tì í. Èmi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì, mò ń tẹ fóònù, ọmọṣẹ́ ló bá mi ṣe é. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń gbọ́ gbọ̀n gbọ̀n gbọ̀n lápá òsì, mo rò pé ọ̀nà ló burú, mo ṣáà ń lọ. Ọlọ́kadà kan ló ń juwọ́ sí mi. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ti re, ọwọ́ lásán ni mo fi yí àwọn tó kù. Àwọn ọmọ mi wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ní báyìí èmi fúnra mi ni mò ń ka nọ́ọ̀tì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó.

Moji_Igbogbo:
Bàbá, Alhaja, Wale, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ wò ó. Mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún kí inú táyà lè yọ síta, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Ẹ̀gbẹ́ ìta ṣì ní eyín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ inú ń dán bí ìdí igbá, lójú kan tó gùn tó ìka mi wáyà ti ń yọ. Òsì nìyẹn, ọ̀tún ò tíì yọ wáyà àmọ́ ó ń bọ̀ níbẹ̀. 1416 ni wọ́n kọ sára ti iwájú méjèèjì, tẹ̀yìn 3021.

Wale_Odogunyan:
Àǹtí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní pé ta ló máa pààrọ̀ ipò ẹ̀. 1416 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, ó ti gbó, ó sì ti tán. Tí fọkanáísà bá gbé e sẹ́yìn bó ṣe ní òun á ṣe yẹn, òjò kan ṣoṣo ti tó kí ìdí mọ́tò fi yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bó ṣe jẹ ní inú nìkan yẹn, aláyìnmẹ́ǹtì, ìyẹn bí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe yẹ kó dúró gún, ló ti lọ, táyà tẹ̀yìn tó dáa tẹ́ ẹ bá sì gbé síwájú báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ló máa jẹ ẹ́. Ẹ ra méjì, kí àwọn tuntun lọ sẹ́yìn, kí ti 3021 bọ́ síwájú, kẹ́ ẹ sì ṣe aláyìnmẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan náà. Tí sípíà yín bá dáa, òun ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò tòsì yẹn, kẹ́ ẹ rọra wà á dé ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mọ́tò yẹn dé Mile 12 lọ́la.

Moji_Igbogbo:
Mo ti pe ọ̀gá mi pé mo máa pẹ́ dé, bọ́ọ̀sì ni mo máa wọ̀. Àbúrò mi ti ń wá pákó tó máa tẹ́ sábẹ́ jáàkì.