Ibi tí a lè páàkì RV sí mọ́jú nínú ìlú tó gbówó lórí

Ọmọ-ń-tọ́jú-ìyá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ká máa sùn sínú RV, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe inú rẹ̀ bí ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Wọ́n ti dájọ́ iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi. Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ yẹ ojú náà wò lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ karùn-ún àti lọ́jọ́ kọkànlá, nítorí náà òru mẹ́wàá la máa lò nínú ìlú ńlá yẹn. Àárín gbùngbùn ni ilé ìwòsàn ọ̀hún wà, níbi tí owó yàrá hòtẹ́ẹ̀lì fún òru kan ti tó ohun tí èmi àti ìyá fi ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibùdó RV kan ṣoṣo ló súnmọ́ ibẹ̀, òru mẹ́ta péré ni wọ́n sì ní àyè fún.

Ọkọ̀ wa gùn tó mítà 7.2, ó sì ga tó mítà 3.1 bí a bá ka ẹ̀rọ amúlétutù orí rẹ̀ mọ́ ọn. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì (oní-òjé) méjì, 100 Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), ló ń gbé iná inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú oògùn tí a ó máa kán sí ìyá lójú kò gbọdọ̀ kúrò nínú fíríìjì. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ìyá pé wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gbé ẹrù.

Èmi àti ìyá lọ dán ìlú náà wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àdúgbò kan tó dákẹ́ rọ́rọ́ la páàkì sí. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí pátákó kankan. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Pátákó wà, ẹnu ọ̀nà àdúgbò ló wà, ẹ̀ka igi ló bò ó: ọkọ̀ tó bá ga ju mítà 2.2 lọ kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀. Ìyá mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di báàgì wọn mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde nílé. Mo wa ọkọ̀ kiri títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ojú ìyá mi ṣe rí lóru yẹn, mi ò fẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá nígbà tí báńdéjì bá wà lójú kan.

Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni mò ń wá. Ibi tí wọn ò ti ní lé wa ni mò ń wá.

Onílé-lórí-táyà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ọlọ́run á fi àánú wo ojú náà sàn. Ọdún kẹfà mi rèé tí mò ń gbé inú ọkọ̀.

Ẹ má wá ibì kan ṣoṣo fún òru mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni owó ti ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Òru iṣẹ́ abẹ gan-an àti méjì tó tẹ̀lé e ni ìyá nílò iná ọwọ́ ìjọba, omi gbígbóná àti ìdákẹ́jẹ́. Òru mẹ́ta tí ibùdó yẹn ní, bí ọjọ́ rẹ̀ bá bá ti iṣẹ́ abẹ mu, ẹ sáré gbà á lónìí, ẹ san owó rẹ̀ pé. Òru méje tó kù ni kí a wá wá ibi tó rọrùn fún.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pe ilé ìwòsàn. Ẹ má bi ẹni tó bá gbé fóònù bóyá wọ́n gba RV, torí “rárá” ló máa sọ. Ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bójú tó ẹbí aláìsàn. Ẹ sọ orúkọ ìyá, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, bí ọkọ̀ ṣe gùn tó àti bó ṣe ga tó. Nígbà míì wọ́n ní ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ilé tí àwọn ará ìta kò mọ̀. Ẹ má gbìyànjú ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà o! Ẹnu rẹ̀ kì í sábà ga ju mítà méjì àti díẹ̀ lọ, ẹ̀rọ amúlétutù yín ló máa kọ́kọ́ fọ́.

Fún àwọn òru yòókù, ẹ tẹ̀lé ojú irin jáde kúrò nígboro. Ẹ wo ìdúró tó kẹ́yìn tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, níbi tí ìjọba ti ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ka pátákó ibẹ̀ délẹ̀. Àwọn kan ń gba owó lọ́sàn-án, wọ́n á ti géètì lálẹ́. Àwọn mìíràn gbà kí ọkọ̀ sùn, wọn ò gbà kí èèyàn sùn nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ibẹ̀ ni ìtanràn ti ń wá. Áàpù bíi park4night àti iOverlander, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń kọ nípa ibi tí wọ́n sùn sí, wúlò púpọ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí ẹnìkan ti sùn dáadáa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n lè ti fi irin dábùú òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ká lọ bá ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń ṣófo lálẹ́: ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, pápá eré ìdárayá, ọgbà ìjọ. Ìyá àgbà kan ló ń ti géètì ọgbà ọlọ́kọ̀ ojú omi lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kí wọn, mo ní mo fẹ́ wọlé ní aago 7 alẹ́, màá jáde ní aago 8 àárọ̀, mi ò ní tan jẹnẹrétọ̀, iye tí wọ́n bá bù ni màá san. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mi bóyá ọ́ìlì ń jò, torí àwọn fúnra wọn ló máa ń fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan abẹ́ rẹ̀, wọ́n rí i pé ó gbẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dárúkọ owó, kò tó ìdajì ti ibùdó RV. Mo sùn níbẹ̀ fún òru márùn-ún.

Ẹ̀ṣọ́-òru

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi Onílé sọ. Mo ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú wa kan ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé èèyàn wà nínú ọkọ̀, a sábà máa ń mọ̀. Àga tí wọ́n gbé síta ni, aṣọ ìbòòji tí wọ́n ta síta, omi ìfọbọ́ tó ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ tó ń kígbe. Lójú òfin ọ̀pọ̀ ibi, páàkì lọ̀tọ̀, pípàgọ́ lọ̀tọ̀. Bí ohunkóhun bá ti jáde kúrò nínú ọkọ̀, títí kan pákó tí ẹ fi gbé táyà sókè, wọ́n lè sọ pé ẹ ti pàgọ́.

Ẹni tó bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, tó sọ̀kalẹ̀, tó wá kí wa, tó fún wa ní nọ́mbà ọkọ̀ àti aago tó máa lọ, àwa fúnra wa la máa ń júwe ibi tó dáa fún un. Ẹ má dúró síbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ọjà láàárọ̀ kùtù, ibẹ̀ kì í dákẹ́ láti aago 4. Kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín láyè. Àìmọ̀ ẹni tó kàn lẹ́yìn ló ń jẹ́ kí wọ́n jí èèyàn lóru, wọ́n ti gbà fún un lálẹ́, ẹni tó wọṣẹ́ ní ọ̀gànjọ́ kò gbọ́.

Bátìrì-kún

Ọ̀rọ̀ oògùn ìyá ló ká mi lára. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì kì í fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà 100 Ah lẹ ní, kì í ṣe 200. Bí fíríìjì yín bá jẹ́ oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀ 12 fóltì, ó lè jẹ tó 30 sí 50 Ah lójúmọ́. Ẹ lè fi lo ọjọ́ méjì láìsí oòrùn, kí ẹ wá wa ọkọ̀ kó fi gbaná. Ẹ máa wo fóltì láàárọ̀ kí ẹ tó tan nǹkan kan: 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti kù sí ìdajì.

Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo gáàsì, iná ilé àti bátìrì ni, ẹ má fi bátìrì lò ó tí ọkọ̀ bá dúró, yóò gbẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Gáàsì ni kí ẹ fi lò ó, kí ọkọ̀ sì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní tutù dáadáa. Ẹ ra tẹ̀mómítà kékeré sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn inú fíríìjì ń fẹ́ 2 sí 8 °C, àmọ́ èyí tó wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ dán ẹ̀rọ tó ń kígbe fún carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí iná gáàsì lè tú jáde, wò kí ẹ tó gbéra. Afẹ́fẹ́ yẹn ò ní òórùn, ìyá ò sì ní mọ̀.

Ọmọ-ń-tọ́jú-ìyá

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Òru kẹfà la wà báyìí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ilé ìwòsàn ò láyè fún ọkọ̀ wa, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń bójú tó ẹbí aláìsàn kọ ìwé kan fún mi tó sọ pé ìyá ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Òru mẹ́ta àkọ́kọ́, ibùdó RV la wà. Lẹ́yìn náà mo mú ìwé yẹn lọ sí ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n Onílé ṣe wí, mo tiẹ̀ ní kí wọ́n wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà wá títí di ọjọ́ kọkànlá, àfi òru ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa ń ṣe ìdíje. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló ń pààrọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, mo ti mọ orúkọ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fóltì wá sí 12.2, mo sì wa ọkọ̀ lọ da ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nù ní ibùdó RV, wọ́n ń gba owó díẹ̀ fún èyí láìjẹ́ pé èèyàn sùn síbẹ̀. Fíríìjì wà ní 5 °C.

Òru Sátidé nìkan ni mi ò tíì rí ibi fún. Ìyá ti sùn láti aago 9, báàgì wọn wà lórí ìkọ́.